Awọ Adìyẹ Ìyá Ọkọ Mi

Èékánná mi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mo ti ń tu ìyẹ́ adìyẹ nínú ilé yìí fún odidi ọdún mọ́kànlá, tí òórùn adìyẹ tútù ti wọ̀ mí lára débi pé ológbò àdúgbò máa ń tẹ̀lé mi bí mo bá ń lọ sọ́jà, èmi ni ìyá ọkọ mi dúró níwájú mi lọ́jọ́ Sátidé kan, tí wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà fẹ́ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

"Wo bí wọ́n ṣe gùn! Ìyàwó, ṣé adìyẹ lò ń tu ni, àbí ìsàlẹ̀ ìkòkò lò ń họ?"

Lórí tábìlì lẹ́yìn wọn, ogún adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ló nà gbalaja. Mọ́kànlá nínú wọn ni awọ àyà ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, tí ẹran yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo wo èékánná mi. Mo wo adìyẹ. Mo tún wo èékánná mi. Kí n má parọ́, ó gùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gùn lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, bó ṣe gùn lọ́dún tó ṣáájú náà nìyẹn, awọ adìyẹ kankan ò sì ya. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi rárá.

Ẹni tí kò bá mọ Màmá á ní kí ló tóbi nínú awọ adìyẹ tó ya. Ó tóbi o. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí wọ́n ti ń sin adìyẹ òyìnbó lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ ẹran. Àdúgbò ò mọ orúkọ mìíràn fún wọn ju Aládìyẹ lọ. Bí àwọn ọmọ adìyẹ bá dé nínú páálí tó ní ihò lára, tí ariwo wọn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá á ti tẹ́ ìyẹ̀fun pákó sílẹ̀ dè wọ́n, èyí tí ọkọ mi ń kó wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí káfíńtà ni. Wọ́n á tan gílóòbù sókè orí wọn, wọ́n á wá fìdí lé àpótí, wọ́n á máa wò wọ́n. "Bí wọ́n bá ń gun ara wọn lórí, òtútù ló ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sí kọ̀rọ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tú ká, tí wọ́n ń jẹun, ìwọ náà lọ jẹun." Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, kí wọ́n tó fi ibi tí iyọ̀ wà hàn mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, àyà wọn á ti kún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ pípa, Màmá á gbé oúnjẹ kúrò níwájú wọn, omi nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀, kí ìfun lè ṣófo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ìdí ògiri, níbi tí àrọ mẹ́ta wà. Ike ọ̀dà tí ọkọ mi gé ìdí wọn ló fi ṣe wọ́n, ó wá kàn wọ́n mọ́ ògiri. A ó ti adìyẹ bọ̀ ọ́, orí rẹ̀ á yọ nísàlẹ̀, ara rẹ̀ á dákẹ́ nínú àrọ, kò ní jà, kò ní fi apá gbá ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀bẹ á kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ á máa ro sínú korobá, a ó sì dúró títí á fi ro tán. Màmá kì í fẹ́ kí èèyàn pariwo níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan omi gbígbóná.

Omi yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Bó bá tutù, ìyẹ́ ò ní tú. Bó bá gbóná jù, awọ á bá ìyẹ́ lọ. Màmá kì í sì í fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n ju ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún wọn lọ. Wọ́n á ki ìka bọ omi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á yọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bí omi bá ti tó, ìka ò ní wọlé dé oríkèé kó tó sá jáde fúnra rẹ̀. "Omi tó bá gbà ọ́ lálejò lẹ́ẹ̀mejì, tó lé ọ jáde lẹ́ẹ̀kẹta, omi adìyẹ nìyẹn." Bó bá lé ọ lẹ́ẹ̀kejì, bu omi tútù sí i. Bó bá gbà ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ko igi sídìí iná. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ pé ìka yẹn ṣì í.

Ẹni tó ń ra adìyẹ wa jù ni Alásè, obìnrin aláriwo kan tó máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó bá gba àlejò ńlá. Odidi ló ń yan adìyẹ, á gbé e sí àárín tábìlì kí gbogbo ojú kọ́kọ́ rí i kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń fojú kékeré wo awọ. Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń wí yìí, ó dé, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹnu géètì, ó sì dákẹ́ nígbà tó rí tábìlì. Ó yí adìyẹ kọ̀ọ̀kan padà. Mẹ́sàn-án ló mú.

"Màmá, ẹ má bínú o. Mi ò lè gbé ìyókù yìí síwájú èèyàn. Ogún ni mo ń fẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀sán gangan ni màá dé. Bí awọ bá tún ya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ ra adìyẹ dídì."

Ìgbà tí mọ́tò Alásè lọ tán ni Màmá tó yíjú sí wa, èmi àti ọkọ mi.

"Káfíńtà, gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí adìyẹ dídì bá gba ipò tèmi, kí o mú òòlù rẹ wá lọ́jọ́ náà, kí o tú ilé adìyẹ yẹn palẹ̀. Mi ò ní sin ẹyọ kan mọ́ títí màá fi kú."

Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé torí ẹran ni. Láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti ṣaláìsí, adìyẹ yẹn ló ń gbé Màmá dìde láàárọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n pariwo, kí wọ́n bínú, kí wọ́n jẹun dáadáa. Bí wọn ò bá ní adìyẹ, kí ni wọ́n fẹ́ máa jí ṣe? Kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n máa wò mí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi.

Bí ọ̀sẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ń jẹ adìyẹ mọ́kànlá tó ya láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ọkọ mi fi bi mí bóyá ẹ̀wà ti tán láyé ni. Mo gé èékánná mi. Mo gé e wọ ẹran débi pé mi ò lè ṣí ìdérí ìgò fún ọjọ́ méjì. Adìyẹ méjìlélógún ló kù nínú ilé adìyẹ: ogún ti Alásè, méjì ló lé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Màmá ní kí a pa ọ̀kan nínú méjì tó lé yẹn, ká fi dán ọwọ́ mi wò. Orí ìka lásán ni mo fi tu ú, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Awọ àyà ya. Awọ itan náà ya.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo na ọwọ́ síwájú fúnra mi. "Màmá, èékánná dà?"

Wọ́n wo ọwọ́ mi títí. "Àbí agbára lo fi ń fà á?"

Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n máa kúnlẹ̀ bẹ ìyẹ́ ni pé kó jáde?

Ó wá kan ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Èmi àti Màmá jọ lọ ni, torí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dá lọ, wọ́n á ja ìjà tí màá lọ bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún àpò dé àjà. Màmá ki ọwọ́ bọ àpò kan, wọ́n bu oúnjẹ jáde, wọ́n gbé e sí mi nímú.

"Kí lo gbọ́?"

"Òórùn oúnjẹ adìyẹ ni, Màmá."

"Ó ń rùn bákan."

"Bó ṣe máa ń rùn náà nìyẹn, Màmá," ni olóúnjẹ wí, ọ̀rọ̀ náà ti ń sú u. "Oúnjẹ tí ẹ ti ń rà láti ọdún pípẹ́ náà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rà á, awọ adìyẹ tiwọn ò ya. Ẹ̀yin nìkan ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa mọ́ ọ ni?"

"Háà, Màmá! Ta ló ní irọ́ lẹ ń pa?"

Mo fa Màmá jáde. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ń lọ lẹ́yìn wọn, mo ṣàdédé rí i pé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti bọ́ sílẹ̀ láàárín títì, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. "Màmá, bàtà yín!" Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo bàtà lọ́wọ́ mi. "Ẹ wá wo nǹkan tí ọ̀rọ̀ adìyẹ fẹ́ sọ mí dà," ni wọ́n wí, a sì rẹ́rìn-ín délé. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń hùmọ̀ nǹkan tuntun. Ó ní ìkòkò ni. Ó ní bóyá ìran àwọn ọmọ adìyẹ tí wọ́n kó wá lọ́tẹ̀ yìí ni awọ wọn ò nípọn. Ó ní bóyá igi tí a fi ń dáná ni, pé pákó tó ní ọ̀dà lára lè ṣe omi báṣubàṣu. Mo ní kó lọ sùn. Ọjọ́ Túsìdeè ló mú èyí tó dára jù wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó dára.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru omi. Ẹ̀ẹ́ kàn tì í bọ omi ni, ẹ̀ẹ́ ka nọ́ńbà."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Èyí tí wọ́n ń fi sí abíyá ọmọ tí ibà ń ṣe? Òkú adìyẹ ni ẹ fẹ́ wá fi wò báyìí? Káfíńtà, máa ṣe àga rẹ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i lóru, ó sì di àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo dá a láṣà. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun o, ṣé omi yẹn ò wá gbóná jù?"

Ẹ ò rí ojú! Wọ́n ò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní kí n dáná. Wọ́n ní kí n mú adìyẹ kejì tó lé yẹn wá. Nígbà tí omi ń rú èéfín, wọ́n ní kí n súnmọ́ ọn, kí n la ojú mi dáadáa. Wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka kan omi fìrí, ó fò jáde. Ojú mi ló ṣe. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Ó gbóná jù àbí kò gbóná jù?"

"Kò gbóná jù, Màmá. Ẹ má bínú."

A rẹ adìyẹ. Mo tu ú. Awọ ya láti ọrùn dé ìdí.

Àwa méjèèjì wá dúró síbẹ̀, à ń wo adìyẹ, adìyẹ náà ń wò wá. Orí mi dàrú pátápátá. Èékánná ti kúrò níbẹ̀, oúnjẹ ti kúrò níbẹ̀, omi tí mo fojú ara mi rí ti kúrò níbẹ̀. Kí ló kù? Ó ku èmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi bí ẹni tó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo fọwọ́ pa aṣọ wò bóyá yóò ya. Ní tòótọ́, mo ṣe é! Ilé wá di adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí mo bá wọ ilé ìdáná, Màmá á jáde. Bí Màmá bá jókòó sí pálọ̀, èmi á rántí pé mo ní aṣọ láti sá.

Nírọ̀lẹ́ Fúráìdeè, Màmá gbé oúnjẹ kúrò níwájú ogún adìyẹ tó kù. Mo ń kó aṣọ lórí okùn, wọn ò mọ̀ pé mo wà nítòsí. Wọ́n fọwọ́ di wáyà ilé adìyẹ mú, wọ́n tẹ̀ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni wọ́n sọ fún wọn, "ẹ má dójú tì mí lọ́la."

Omijé bọ́ lójú mi. Mi ò mọ ẹni tí màá bá bínú.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́. Ọkọ mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró tì wá. Omi ti wà lórí iná, Màmá ti pọ́n ọ̀bẹ, adìyẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wà nínú àrọ, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ro. Màmá bọ́ sídìí ìkòkò. Wọ́n ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni tó ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n ki ìka bọ omi. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n mi orí.

"Kò tíì tó. Ko igi sí i."

Mo ko igi sí i. Wọ́n tún ki ìka bọ̀ ọ́. "Kò tíì tó." Mo tún ko igi sí i. Èéfín ti bo ojú mi, mo ń nu ojú, mo wá bi wọ́n bóyá kí n lọ gbé yìnyín tí a fẹ́ kó àwọn adìyẹ sí wá kí Alásè tó dé. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ń ṣàlàyé irú ike tí màá gbé e sí, èyí tó ní ìdérí, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù, torí aláwọ̀ búlúù ti sán. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìka wọn wà nínú omi. Kì í ṣe ìka nìkan mọ́, ọwọ́ wọn ti rì dé àtẹ́lẹwọ́, omi náà sì ti ń hó wẹ́wẹ́ létí ìkòkò.

"Màmá! Ẹ yọ ọwọ́!"

"Ọwọ́ wo?"

Mo fà wọ́n lápá bí ẹni fa ọmọ kúrò lójú ọ̀nà mọ́tò. Ọwọ́ náà jáde, ó pọ́n bí ata, awọ ẹ̀yìn ìka ti ń wú. Ọkọ mi sáré bu omi tútù, ó gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀. Màmá ń wo àwa méjèèjì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Kí ló ń ṣe yín? Omi tí kò tíì gbóná!"

Mo ki ìka tèmi bọ ìkòkò. Igbe tí mo ké, ó dé ojú títì. Màmá wò mí, ìbínú wà lójú wọn. "Ìyàwó, ara rẹ ti ṣe ẹlẹgẹ́ jù. Káfíńtà, wò ó fún un." Ọkọ mi ki ìka bọ̀ ọ́, ó fò sẹ́yìn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀. Màmá wo ọmọ wọn. Wọ́n wo èmi. Mo rí i lójú wọn pé ńṣe ni wọ́n ń ronú bóyá àwa méjèèjì la jọ gbìmọ̀ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ọwọ́ wọn tó ń wú nínú omi tútù.

"Kí ló dé tí kò dùn mí?" ni wọ́n bi wá.

Ìbéèrè náà rọrùn lẹ́nu wọn, bí ẹni béèrè aago mélòó ló lù. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ọwọ́ tí mo rí tó fò jáde lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, àṣé kì í ṣe ooru ló lé e. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti mọ́ ọn lára láti máa fò.

Ọkọ mi ní ká máa lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní adìyẹ mẹ́ta ti wà nínú àrọ, mẹ́tàdínlógún ò tíì jẹun láti àná, Alásè ń bọ̀ lọ́sàn-án, ọwọ́ tí kò dun ẹni tó ni ín lè dúró. Kí lẹ fẹ́ kí n fi dá wọn lóhùn? Wọ́n jókòó sórí àpótí, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ wọn. "Ìyàwó, bu omi tútù sí i. Ki ìka rẹ bọ̀ ọ́."

Mo bu omi tútù sí i. Lẹ́ẹ̀kan, mo yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ta mí, mo yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò lè dé oríkèé.

"Ṣé ó lé ọ?"

"Ó lé mi, Màmá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú." Irọ́ ni.

Adìyẹ àkọ́kọ́ jáde, ìyẹ́ ń tú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, awọ rẹ̀ pé láti ọrùn dé ìdí. Èkejì pé. Ẹ̀kẹta pé. Mo yọ ìfun, mo yọ ẹ̀dọ̀ láìbẹ́ òróòro, mo ya iwe sọ́tọ̀, ọkọ mi ń kó wọn sínú yìnyín. Gbogbo ogún ló pé. Lẹ́yìn adìyẹ kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni Màmá pè mí.

"Látìgbà wo?"

"Kí ni, Màmá?"

"Látìgbà wo ni ọwọ́ mi ti ń parọ́ fún mi?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bàtà tó bọ́ lójú títì, mo kàn ń tu ìyẹ́ lọ.

Alásè dé lọ́sàn-án gangan, ó yí adìyẹ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Aládìyẹ! Ẹ̀yin tí mo mọ̀ nìyí! Ẹ ò lẹ́gbẹ́!"

Màmá ti fi ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. "Ìyàwó mi ló ṣe é," ni wọ́n wí. Láti ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yìn mí níwájú àlejò nìyẹn, inú mi ò sì dùn rárá.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan fi oògùn pa ọwọ́ wọn, ó wé e. Ó gún ìka ọwọ́ òsì wọn fún ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó wo ẹ̀rọ kékeré kan, ó sì jókòó tì wọ́n.

"Màmá, ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ gan-an. Àtọ̀gbẹ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ba iṣan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín fi ń mọ nǹkan jẹ́."

"Èmi tí kì í fi ṣúgà sí tíì?"

"Kì í ṣe ti inú tíì, Màmá."

Wọ́n yíjú sí mi bóyá mo gbọ́ ọ yé. Mi ò gbọ́ ọ yé. Wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo tó jẹ wọ́n lógún: ṣé wọ́n lè padà sídìí adìyẹ wọn? Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń mọ nǹkan dé. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, a lè jọ sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àti iná. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbàgbé méjèèjì ná. Ó mú okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. "Ẹ di ojú, Màmá. Nígbàkigbà tí mo bá fi èyí kàn yín, ẹ sọ pé, 'Ó kàn mí.'"

Màmá tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n di ojú. Mo mọ ojú yẹn. Wọ́n fẹ́ yege.

Nọ́ọ̀sì fi okùn náà kan àtàǹpàkò òsì. Ó fi kan ìfábẹ̀lá, ó fi kan ìka àárín, ó tẹ̀ ẹ́ títí okùn fi tẹ̀ kọdọrọ. Ó bọ́ sí ìka ọ̀tún tí aṣọ oògùn ò bò. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà wọn, ó fi kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀. Mò ń retí ẹyọ 'Ó kàn mí' kan. Mo fi eyín di ètè mi mú kí n má baà sọ ọ́ fún wọn. Nọ́ọ̀sì dìde, ó fi okùn náà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í jẹ́jẹ́.

Màmá ṣì di ojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, mo ti ṣetán o," ni wọ́n wí. "Má bẹ̀rù mi, máa bẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Èmi náà wò ó. Mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló yẹ kó sọ fún wọn.